Oríire Méjì Tí Báńkì Yà Nípá

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi nílé àti lẹ́yìn odi. Ọ̀rọ̀ àwọn àmì ìkọ̀wé Ṣáínà tí kò wọ́pọ̀ ni mo gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí títí di ìsinsìnyí. Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní London ń jẹ́ 喆, tí wọ́n ń pè ní Zhe. Ẹ wo àmì náà dáadáa: 吉, tí í ṣe oríire, ni wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí àpapọ̀ wọn sì ń jẹ́ ọlọ́gbọ́n. Ìyá náà lọ sí báńkì nílùú rẹ̀ ní Ṣáínà. Ẹ kúkú mọ bí títò ní báńkì ṣe ń rí. Ẹ̀rọ wọn kò ní àmì náà, ni òṣìṣẹ́ bá tẹ 吉吉 sínú ìwé rẹ̀, ó wá bi í pé ta ló sọ ọ́ nírú orúkọ yìí.

Ta ló sọ ọ́! Bàbá tó bí i lọ́mọ ni.

Ẹnìkan nínú yín á ní kí ìyá kúkú yí orúkọ padà sí èyí tó rọrùn. Rárá o. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ọdún 1980 ni ìjọba Ṣáínà ṣe àkójọ àmì fún kọ̀ǹpútà, 6,763 péré ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ìyá yìí sì ti dàgbà nígbà náà. 镕 tó wà nínú orúkọ Zhu Rongji, ẹni tó di olórí ìjọba ní 1998, kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí wọ́n ń da irin yíyọ́ sí kí ó lè gba ìrísí ni 镕, àmì irin sì wà lápá òsì rẹ̀. Àwọn kan wá ń kọ 熔 rọ́pò rẹ̀, tí iná gba ipò irin. Ní Taiwan, nígbà tí ẹ̀rọ kò ní 堃 tó parí orúkọ You Xikun, tó ṣe olórí ìjọba láti 2002 sí 2005, ńṣe ni wọ́n tú u palẹ̀ sí 方方土. Bí irú èyí bá lè bá olórí ìjọba, ẹ̀bi bàbá ọlọ́mọ wo ló wà níbẹ̀? Àwa tí wọ́n ti yọ àmì lórí àti lábẹ́ orúkọ wa nínú ìwé ìrìnnà, ṣé àwa ló yẹ kí a gbè sẹ́yìn ẹ̀rọ?

Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìlànà tuntun fún kọ̀ǹpútà, tó ní àmì 87,887, ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà, 喆 sì ti wọ àkójọ mìíràn ṣáájú ìgbà náà. Kí báńkì yẹn pe ìyá ọ̀rẹ́ mi padà, kí wọ́n tún ìwé rẹ̀ tẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì.