Òógùn Òru: Ohun Tí Ara Ń Sọ Nígbà Tí A Bá Sùn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ pa iṣẹ́ tì wá síbí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, òógùn òru ni wọ́n sì ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Òógùn ni mo wí o, n kò pè é ní ogun. Ọ̀pọ̀ wa ló ti sọ òógùn òru di ogun òru. Ẹni tó bá jí lóru tí aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, tó sì ti lá àlá burúkú, ilé wòlíì tàbí ilé ààfáà ló kọ́kọ́ ń gbà lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́rin tó ń kọjá kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa ló ń dùn mí.

Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná sí. Bí ara bá gbóná jù, á ránṣẹ́ sí awọ ara pé kó tú omi jáde; bí omi náà ṣe ń gbẹ ni ara ń tutù. Ooru yàrá nìkan tó láti fà á. Nínú oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fáànù dúró, tí èèyàn mẹ́rin wà ní yàrá kan ṣoṣo, ta ni kò ní làágùn? Fóòmù tí a kò bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀ kí ó má baà dọ̀tí náà ń dá ooru padà sí ẹ̀yìn ẹni tó sùn lé e. Ẹ bọ́ ọ̀rá yẹn. Ẹ wọ aṣọ òwú sùn, ẹ ṣí fèrèsé tó ní nẹ́ẹ̀tì, ẹ má mu ọtí, ẹ má sì jẹ ata púpọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí òógùn náà bá dáwọ́ dúró, ooru ni.

Èyí tí mo torí rẹ̀ wá yàtọ̀. Aṣọ á rin bí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kì bọ omi, èèyàn á dìde pààrọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ yàrá kò gbóná, ẹni tó sùn tì í sì ń fa aṣọ bora. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, ẹ wo ohun tó bá a rìn.

Bó bá jẹ́ ikọ́ ló bá a rìn, ẹ má sùn lé e. Ikọ́ tó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, ara gbígbóná tí kò lọ, ara tó ń rù, àti òógùn òru: àwọn mẹ́rin yìí là ń béèrè bí a bá ń wá ikọ́ ife. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta, ọdún 1882, ni Robert Koch, dókítà ará Jámánì, dúró níwájú àwọn onímọ̀ ní Berlin, tó sọ fún wọn pé òun ti rí kòkòrò tó ń fà á. Kòkòrò ni, kì í ṣe èpè. Ìjà tí ara ń bá a jà ló ń mú ara gbóná, nígbà tí ìgbóná náà bá sì ń wálẹ̀ ni òógùn ń bò wá. Ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà la sábà máa ń lo oògùn náà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀: ní oṣù kejì, òógùn á ti lọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti kún, aláìsàn á ní òun ti sàn, á sì pa oògùn tì. Àìsàn náà á padà, oògùn àkọ́kọ́ sì lè má ràn án mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lò ó tán. HIV náà lè fa irú òógùn yìí, ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti tó nǹkan bí ọdún 45 sí 55, tiyín lè jẹ́ ti nǹkan oṣù tó fẹ́ dáwọ́ dúró. Ooru á dédé ru láti àyà dé ojú, á tó ìṣẹ́jú mélòó kan, òógùn á bò yín, lẹ́yìn náà òtútù. Kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n bó bá ń gba oorun lójú yín, dókítà ní ohun tó lè ṣe sí i. Mo ti rí ìyá tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ ní ilé ọkọ nítorí pé ó ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní aago méjì òru. Atẹ́gùn ló ń wá. Ẹ̀yin bàbá, ẹ bá wọn ṣí fèrèsé.

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó gba abẹ́rẹ́ insulin tàbí tó lo glibenclamide, oògùn oníhóró tó ń mú ṣúgà ara wálẹ̀, tí kò wá jẹun alẹ́, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lóru. Òógùn, àlá burúkú, ọwọ́ gbígbọ̀n, orí fífọ́ láàárọ̀. Ẹ wọn ṣúgà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá tó 70 mg/dL lójú ẹ̀rọ, ẹ fún un ní ṣúgà oníhóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá mọra mọ́, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Àwọn oògùn mìíràn náà ń fa òógùn, bí irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ìbànújẹ́ dorí rẹ̀ kodò, ṣùgbọ́n ẹ má dá a dúró fúnra yín. Kókó tí kò dunni ní ọrùn tàbí abíyá, tí òógùn òru àti rírù bá a rìn, kí dókítà rí i láìpẹ́, nítorí jẹjẹrẹ lè wà ńbẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan ní ọkọ òun ń làágùn, ó ń húkọ́, òun sì ti ya àwo oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo ní àwo kò ran ẹnikẹ́ni. Inú afẹ́fẹ́ ni ikọ́ ife ń gbà. Kó ṣí fèrèsé, kí ọkọ máa bo ẹnu bó bá ń húkọ́, kó sì mú àwọn ọmọ wá fún àyẹ̀wò. Ó ní ọkọ kò gbà, pé àárẹ̀ iṣẹ́ ni. Mo ní kó ka iye òru tí bàbá náà pààrọ̀ aṣọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì jọ mú ìwé náà wá. Nígbà tí mò ń palẹ̀ ẹrù mi mọ́, ó ti yá báírò lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tó jókòó tì í.