Òkú Kòkòrò Létí Adágún Kyoga

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Wọ́n ní kí n má fi ìgbẹ́ màlúù bẹ̀rẹ̀ torí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mycobacterium vaccae lorúkọ kòkòrò wa, kòkòrò àìfojúrí ni. Màlúù ni vacca lédè Látìn, inú ìgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ rí i ní Austria. Ẹbí kan náà ni òun àti kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti ẹ̀tẹ̀, àmọ́ inú ilẹ̀ ló ń gbé jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Láwọn ọdún 1970, ọ̀rọ̀ kan ń rú John Stanford, onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí láti London, lójú: abẹ́rẹ́ BCG, àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ, ń dènà ẹ̀tẹ̀ dáadáa ní Uganda, ní Burma kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe. Abẹ́rẹ́ kan náà, kí ló dé? Ó rò pé ohun tó wà nínú ilẹ̀ àti omi Uganda ló ti kọ́ ara àwọn èèyàn níjà kí abẹ́rẹ́ tó dé. Ó bu ẹrẹ̀ létí adágún Kyoga níbẹ̀, ó sì bá vaccae níbẹ̀. Òun àti Graham Rook, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fi ooru pa á, wọ́n sọ ọ́ di abẹ́rẹ́. Ẹ gbọ́ mi o: pa ni wọ́n pa á! Òkú kòkòrò ni, wọ́n sì wọn ìwọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó gún un.

Ìdí tí mo fi ń pariwo rèé. Lọ́dún 2007, Christopher Lowry àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bristol gún un fún eku, apá ibi tí serotonin, èròjà tó ń bá ìdùnnú àti ìbànújẹ́ tan, ti ń jáde nínú ọpọlọ wọn sì jí. Eku ni o! Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti gbé e sórí Facebook: ẹ tú ilẹ̀, ìbànújẹ́ á lọ. Ta ló rán wọn? Inú tèmi náà máa ń dùn lóko, àmọ́ fóònù kì í dún níbẹ̀.

Alága ń na ìka mẹ́ta sí mi, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù. Kíákíá, ibi tí wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ náà wò lára èèyàn: ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Durban ní South Africa, 1999, kò ṣiṣẹ́. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, 2004, èèyàn 419: ẹ̀mí wọn kò gùn sí i, àmọ́ ara tù wọ́n díẹ̀. Dar es Salaam...

Ìyá kan nawọ́ láti ẹ̀yìn. “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣé kí ọmọ-ọmọ mi má fi iyẹ̀pẹ̀ ṣeré mọ́ ni?”

Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jẹ́ kó ṣeré. Rook fúnra rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ àtijọ́ ara wa làwọn kòkòrò báyìí, pé tí ara kò bá mọ̀ wọ́n, á máa bá ohun tí kì í ṣe ọ̀tá jà. Ó ní ibẹ̀ ni ikọ́ fée àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Àmọ́ vaccae nìkan kọ́ ló ń gbénú iyẹ̀pẹ̀. Tetanus tó ń mú ara le gbagidi wà níbẹ̀, aràn tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé náà wà níbẹ̀. Kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé.

Ẹ jẹ́ n parí ti Dar es Salaam. Ní Tanzania níbẹ̀, àwọn tó ní HIV tó lé ní 2,000 ló kópa nínú ìdánwò náà, abẹ́rẹ́ márùn-ún. Ikọ́ ẹ̀gbẹ tí àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fi ìdá 39 nínú 100 dín kù. Nígbà tí wọ́n wá yẹ àbùdá rẹ̀ wò, kì í ṣe vaccae ni wọ́n gún! Ìbátan rẹ̀, obuense, ni. [Ẹ̀rín]

“Ọ̀jọ̀gbọ́n, ó máa wọ bàtà o,” Màmá dáhùn. Alága sì gba máìkì lọ́wọ́ mi.