Bàtà, Pàǹtírí àti Orúkọ Ọlọ́run: Ìgbé-Ayé Míṣọ́nnárì ní Japan

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ìhìn rere ní Japan, ẹ kú ìmúra o. Ọ̀nà ìwàásù kọ́ la fẹ́ sọ lónìí. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ti bójú tó ìyẹn. Ohun tí aládùúgbò yóò fi mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ kí ẹ tó la ẹnu la fẹ́ yẹ̀ wò: ibi tí ẹ bọ́ bàtà sí, ọjọ́ tí ẹ gbé pàǹtírí jáde, bí ẹ ṣe dákẹ́ nígbà tó yẹ. Nílẹ̀ Japan, Kristẹni kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ò gbé tòsí Kristẹni rí. Yàtọ̀ síyẹn, láti ọdún 1995 tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan tó ń jẹ́ Aum da gáàsì olóró sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tokyo, àyà máa ń já ọ̀pọ̀ wọn bí àlejò ẹlẹ́sìn bá kan ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ká tètè sọ ọ́ ká kọjá. Físà àwọn òṣìṣẹ́ ìsìn wà lọ́tọ̀. Shūkyō ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì lè fún yín ní oṣù 3, ọdún 1, ọdún 3 tàbí ọdún 5. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju oṣù 3 lọ á gba káàdì ìgbélùú lójú ẹsẹ̀ ní àwọn pápákọ̀ òfuurufú ńlá bíi Narita àti Haneda. Láàárín ọjọ́ 14 tí ẹ bá rí ilé gbé, ẹ gbé káàdì náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n kọ àdírẹ́sì yín sí ẹ̀yìn rẹ̀. Níbẹ̀ náà lẹ ti máa forúkọ sílẹ̀ fún ètò ìlera ìjọba, tó máa jẹ́ pé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ni ẹ ó máa san fúnra yín nílé ìwòsàn. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni pé iṣẹ́ ìsìn nìkan ni físà yìí bo. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní kí ẹ wá kọ́ àwọn ọmọ òun ní èdè Òyìnbó kí òun sanwó fún yín, ì báà jẹ́ wákàtí méjì lọ́sẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà.

Ilé gbígbà ń fẹ́ owó lọ́wọ́. Owó ìdógò wà, shikikin, tí wọn yóò dá padà bí ẹ bá ń kó jáde lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ owó àtúnṣe. Reikin tún wà, owó ọpẹ́ fún onílé, ìyẹn kì í padà wá. Wọ́n á tún béèrè oníduró. Ẹ jẹ́ kí ìjọ tó gbà yín lálejò wá oníduró náà kí ẹ tó wọkọ̀ òfuurufú.

Ọjọ́ tí ẹ bá kó dé, tàbí ọjọ́ kejì, ẹ lọ kí aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ àtayébáyé wọn kan sọ iye ilé náà gan-an: mẹ́ta tó wà ní òdìkejì ọ̀nà, àti ti ọ̀tún àti ti òsì. Bó bá jẹ́ ilé alájà púpọ̀, ẹ fi ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nísàlẹ̀ kún un. Ẹ̀bùn kékeré lẹ máa mú dání, aṣọ ìnura kan tàbí bisikíìtì inú páálí, èyí tí kò ju 500 sí 1,000 yẹ́ẹ̀nì lọ. Ẹ lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ tẹrí ba, ẹ máa bọ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹ má fi ìwé àṣàrò há inú ẹ̀bùn náà. Àwọn kan lè ta ko èyí, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ẹ̀bùn tó tún bá ìwé ìsìn nínú rẹ̀ yóò ronú pé ìdẹ ni ẹ̀bùn náà.

Pàǹtírí wá ni ìdánwò gidi. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ìwé kàlẹ́ńdà sì máa ń wà tí wọ́n á fún yín lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ forúkọ sílẹ̀. Èyí tó ṣeé jó, bíi èérún oúnjẹ àti ìwé tó ti dọ̀tí, ní ọjọ́ tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ibi púpọ̀. Èyí tí kò ṣeé jó ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀rá àti ike tí wọ́n fi di ọjà, ọ̀tọ̀. Agolo àti ìgò, ọ̀tọ̀. Ìgò ike tí wọ́n fi ta omi tàbí ohun mímu, ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, ẹ bó bébà ara rẹ̀, ẹ ṣàn án, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Ìdérí àti bébà yẹn á lọ sọ́dọ̀ àwọn ike. Ìwé ìròyìn, ẹ fi okùn dì í. Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kamikatsu ní Tokushima pín tirẹ̀ sí ọ̀nà tó ju 40 lọ, ẹ má bẹ̀rù, ìlú tí ẹ ń lọ lè máà tó bẹ́ẹ̀. Ní ìlú púpọ̀, àpò tí ìjọba ìbílẹ̀ yàn nìkan ni ẹ lè lò, ilé ìtajà ni wọ́n ti ń rà á.

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ló sábà máa ń jẹ́ òpin. Ẹ má gbé e jáde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí àwọn ẹyẹ kannakánná á tú u ká. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀n fi wà níbi ìkópàǹtírí. Ẹ fà á bò ó dáadáa. Bí ẹ bá ṣì í pín, ọkọ̀ á fi àpò náà sílẹ̀ pẹ̀lú bébà pupa tàbí yẹ́lò lára, gbogbo àdúgbò á sì rí i. Ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń gba ìtọ́jú ibẹ̀ ṣe láyìípo, torí náà ẹni tí ó máa gbá ìdọ̀tí yín lọ́sẹ̀ yẹn lè jẹ́ ìyá àgbàlagbà tí ẹ kí níjẹ́ta. Bó bá kan ilé yín, ẹ gbá a. Ibi ìkópàǹtírí yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn ará àdúgbò á ti kọ́kọ́ bá yín sọ̀rọ̀ tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ ká wọlé báyìí. Ẹnu ọ̀nà ilé wọn ní ibi tó rẹlẹ̀, genkan, tí bàtà kì í kọjá. Bí ẹ bá ń wọlé, ẹ kọjú síwájú, ẹ bọ́ bàtà, ẹ gun ibi tó ga láì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà lẹ wá yí díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kúnlẹ̀, ẹ yí bàtà padà kí orí rẹ̀ kọjú síta. Bí ẹ bá fẹ̀yìn wọlé kí bàtà lè kọjú síta fúnra rẹ̀, onílé ni ẹ kẹ̀yìn sí yẹn. Sálúbàtà inú ilé á ti wà nílẹ̀ fún yín. Orí pákó lẹ máa wọ̀ ọ́. Tí ẹ bá dé yàrá tí wọ́n tẹ́ ẹní tatami sí, ẹ bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló ń wọ ibẹ̀. Nítorí náà, ìbọ̀sẹ̀ tó lu, ẹ sọ ọ́ nù kí ẹ tó kúrò nílé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní sálúbàtà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àṣìṣe tí kò sí àlejò tí kì í ṣe ni pé kó gbàgbé bọ́ ọ, kó wọ̀ ọ́ padà wá sí pálọ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n á tún nu ilẹ̀.

Bí ẹ bá sùn lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á ní kí ẹ kọ́kọ́ wẹ̀. Ìta ọpọ́n ni wọ́n ti ń wẹ̀ o: ẹ jókòó sórí àpótí kékeré, ẹ fi ọṣẹ wẹ̀, ẹ ṣàn án kúrò tónítóní, kí ẹ tó wọ inú omi gbígbóná náà lọ jókòó. Omi náà máa ń tó nǹkan bí ìwọ̀n 40 sí 42 lórí Celsius. Omi kan náà ni gbogbo ilé á lò. Ọṣẹ ò gbọdọ̀ kàn án, ẹ ò sì gbọdọ̀ tú u dà. Ẹ fi ìdérí bò ó kó má tutù.

Ní ti èdè, ọmọ Yorùbá ní ohun tí Òyìnbó ò ní. Otsukaresama tí wọ́n ń kí ara wọn lẹ́yìn iṣẹ́, "ẹ kú iṣẹ́" ni. Okaeri, "ẹ káàbọ̀" ni. Aládùúgbò á bi yín pé, "Ṣé ẹ ń jáde ni?" Ẹ̀yin á ní, "Síbì kan níbẹ̀ yẹn ni." Kò fẹ́ mọ ibi tí ẹ ń lọ, àwa náà kì í fẹ́ mọ̀ bí a bá béèrè irú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ náà kò ní jẹ́ tuntun sí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwọn gùn ju "ẹ" àti "wọ́n" lọ, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ máa ń yí padà. Àmọ́ ẹ ṣọ́ gokurōsama: ó jọ "ẹ kú iṣẹ́", ẹni tó dàgbà ló ń kí ọmọdé bẹ́ẹ̀. Etí wa tó mọ igbá yàtọ̀ sí igba tún ń ràn wá lọ́wọ́: ní Tokyo, ame tí ohùn ti ga ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ òjò, èyí tí ohùn gòkè ní ìparí jẹ́ súwíìtì. Ìkọ̀wé ló nira. Hiragana 46, katakana 46, àwọn lẹ́tà tó dúró fún ìró, ìyẹn oṣù kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kanji, àwọn àmì tó dúró fún ọ̀rọ̀, 2,136 tí ìjọba kà sí ti ìlò ojoojúmọ́. Ẹ ra Bíbélì tó ní furigana, àwọn lẹ́tà wínníwínní tó ń sọ bí a ṣe ń pe kanji, kí ẹ lè kà á sókè nínú ìjọ.

Ohun tó máa ń da ọmọ Yorùbá láàmú ni ìdákẹ́jẹ́. Ẹ béèrè nǹkan, ẹni náà fa èémí, ó ní "chotto…", ó dákẹ́. Ó ti dáhùn: rárá ni. "Màá rò ó wò" náà, rárá ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì ti fipá mú un láti ṣe ohun tó ń sá fún, ìyẹn kó kọ̀ lójúkojú.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ gan-an ló wá ní ọ̀fìn nínú jù. Ọjọ́ 15 oṣù August ọdún 1549 ni Francis Xavier, míṣọ́nnárì Kátólíìkì, gúnlẹ̀ sí Kagoshima. Anjirō, ọmọ Japan tó ti di Kristẹni, ló ń ṣe ògbufọ̀. Wọ́n ń fi Dainichi pe Ọlọ́run. Àwọn mọ́ńkì Shingon, ẹ̀ya ẹ̀sìn Búdà kan, gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì yẹ kí ìyẹn ti fu wọ́n lára, nítorí Dainichi ni orúkọ Búdà tí àwọn mọ́ńkì náà ń bọ. Ìgbà tí Xavier mọ̀, ní Yamaguchi lọ́dún 1551, ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà sí Dainichi mọ́, ó padà sí Deus ti èdè Látìn. Àwọn alátakò bá yí ìyẹn náà sí dai uso: irọ́ ńlá. Lónìí, kami ni Bíbélì wọn ń lò, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n fi ń pe àwọn tí wọ́n ń bọ lójúbọ Shintō, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn. Àwa tí Bíbélì wa fi Èṣù pe Sátánì mọ irú ìṣòro yìí dunjú. Ẹ máa fi kún un nígbà gbogbo: kami tó dá ọ̀run òun ayé.

Tsumi pẹ̀lú, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀ràn tí ọlọ́pàá ń torí ẹ̀ múni náà sì ni. Ẹ sọ fún ìyá arúgbó pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni gbogbo wa, ohun tó gbọ́ ni pé ọ̀daràn ni òun. Kò jalè rí. Ó ṣe díẹ̀ kó tó padà wá. Ẹ kọ́kọ́ sọ ìtàn ọmọ tó kúrò nílé baba rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró dìgbà tó bá yá.

Ìsìnkú ni kò ní gbà kí ẹ sá. Àìsùn á wà lálẹ́, ìsìn lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà ibi ìsunkú, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òkú ni wọ́n ń sun. Owó inú àpòòwé tí wọ́n ṣe fún ìsìnkú lẹ máa mú lọ. Fún aládùúgbò, 5,000 yẹ́ẹ̀nì wọ́pọ̀. Ẹ yẹra fún 4 àti 9, nítorí 4 dún bí ikú, 9 dún bí ìyà. Kì í ṣe owó tuntun gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́; èyí á jọ pé ẹ ti ń retí ikú náà. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan. Tádàwà tí kò dúdú púpọ̀ ni wọ́n fi ń kọ orúkọ sí i, bí ẹni pé omijé ti bọ́ sínú rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsìn Búdà, ẹ óò rí ìlà àwọn tó ń bu tùràrí sórí ẹyin iná. Ẹ ti bá olùṣọ́ àgùntàn ọmọ ilẹ̀ náà sọ ọ́ ṣáájú, nítorí ìjọ wọn kò fẹnu kò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kristẹni á kàn tẹrí ba fún ẹbí, wọ́n á dúró níwájú àwòrán olóògbé, wọ́n á gbàdúrà ìtùnú fún ẹbí nínú ọkàn, wọ́n á padà. Àlejò lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó lọ. Ìyàwó ọmọkùnrin àkọ́bí ilé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba Jésù, tó jẹ́ pé òun ló ń gbé ìrẹsì síwájú pẹpẹ àwọn baba ńlá láràárọ̀, ibo ló máa lọ? Ẹ má pàṣẹ fún un láti orí pẹpẹ ìwàásù.

Nínú ìsìnkú Kristẹni, òdòdó funfun ló máa ń rọ́pò tùràrí. Ẹ gbà á, ẹ yí i kí ìdí rẹ̀ kọjú sí òkú, ẹ gbé e kalẹ̀.

Níbi ìsunkú, ẹbí á fi igi gbọọrọ méjì méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń jẹun, ṣa egungun sínú ìkòkò, ẹni méjì á jọ mú egungun kan náà, láti ẹsẹ̀ wá sókè orí, kí olóògbé má bàa wà lódìkódì. Ìdí nìyí tí ara gbogbo ènìyàn fi máa ń bù máṣọ nídìí oúnjẹ bí ẹnì kan bá fi igi rẹ̀ gba ẹran láti inú igi ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá wá na igi yẹn sí yín nídìí egungun, ẹ̀yin àlejò, ẹ má bi wọ́n léèrè ìdí. Ẹ tẹrí ba, ẹ gbà á, ẹ bá wọn mú un.