Ta Ló Ń Dájọ́ ní Íńdíà Kí Òyìnbó Tó Dé?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìbéèrè kan ni mo fi sílẹ̀ fún yín lọ́jọ́sí: nígbà tí ìjọba àwọn súlútáánì Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ ní Delhi lọ́dún 1206, òfin wo ni àgbẹ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù tó wà lábúlé ń tẹ̀ lé? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo yín lẹ dáhùn pé "Ṣàríà." Áà! Kòtò kan náà lẹ jọ kó sí. Ẹ má bínú, èmi náà ti kó sí i rí.

Ìwé la máa kọ́kọ́ wò. Àwọn Híńdù ní àwọn ìwé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Dharmashastra, ti Manu ló sì lókìkí jù níbẹ̀. Manu pín ẹjọ́ sí ọ̀nà 18: gbèsè, ohun tí a gbé pamọ́ sọ́wọ́ ẹni, ààlà ilẹ̀, olè jíjà, ogún, títí dé orí tẹ́tẹ́. Ibì kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an. Tí Shudra, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni ìsàlẹ̀, bá jalè, ẹ̀bi rẹ̀ di ìlọ́po 8. Vaishya oníṣòwò, 16. Kshatriya ajagun, 32. Brahmin tó jẹ́ àlùfáà ńkọ́? 64, ó sì lè di 128! Torí ó mọ̀ dájú pé ohun tí òun ń ṣe kò dára. Ẹ ti fẹ́ pàtẹ́wọ́, àbí? Ẹ dá a dúró ná. Ìwé yìí kan náà ló ní ọba ò gbọdọ̀ pa Brahmin, ẹ̀ṣẹ̀ yòówù kó dá, tó sì ní kí wọ́n gé ahọ́n Shudra tó bá bú ẹni tó jù ú lọ lébùú burúkú.

Wàyí o, ẹ gbọ́ èyí, torí ibí gan-an lẹ ti máa ń ṣìnà. ÌWÉ YẸN KÌ Í ṢE ÒFIN TÍ ỌBA KAN BUWỌ́ LÙ. Ẹ jẹ́ n tún un sọ: kì í ṣe òfin ìjọba! Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni, àwọn ọ̀mọ̀wé náà kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Ní Bengal, lápá ìlà-oòrùn Íńdíà, ìwé Dayabhaga ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ọmọ ò ní ìpín kankan nígbà tí bàbá bá wà láàyè. Ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn, ìwé Mitakshara ni: ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọkùnrin ló ti nípìn-ín nínú dúkìá ìdílé. Híńdù pọ́ńbélé làwọn méjèèjì o.

Ta ló wá ń dájọ́? Ẹbí ni àkọ́kọ́. Bí kò bá yanjú, ó di ọwọ́ ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ tàbí ti oníṣòwò, bí ìyálọ́jà ṣe ń parí ìjà lọ́jà wa. Àwọn àgbà abúlé ń bẹ, panchayat nìyẹn. Ọba ló kẹ́yìn. Bàbá mi kì í yéé sọ ọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ará abúlé Íńdíà mọ ìyẹn bí ẹní mowó. Bí kò bá sí ẹlẹ́rìí, tí kò sí ìwé, wọ́n lè ní kí olùjẹ́jọ́ gbé irin gbígbóná, tàbí kí wọ́n wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá fúyẹ́ sí i nígbà kejì, ó jàre. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwa náà ń fi irin Ògún búra ní kóòtù.

Ó wá kan àwọn Mùsùlùmí. Àfiwé tí mo fẹ́ràn jù rèé: wọ́n ta ilé oníyàrá mẹ́wàá fún lándílọ́ọ̀dù tuntun. Ṣé àwọn ayálégbé máa pààrọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ wọn ni? Rárá! Ìjà ilé ìdáná, àwọn fúnra wọn ni yóò parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ilé, tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ló máa dé etí lándílọ́ọ̀dù. Bó ṣe rí nìyẹn. Ìpànìyàn àti olè lọ sábẹ́ òfin Ìsìláàmù. Owó orí tí wọ́n ń pè ní jizya, tí ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ń san, wà (ọba Akbar fagi lé e ní 1564, ọba Aurangzeb dá a padà ní 1679). Ṣùgbọ́n ìgbéyàwó àti ogún Híńdù dúró sọ́wọ́ Híńdù. Àwọn Híńdù míì tiẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ sọ́dọ̀ àlùkálì kó bá wọn lu òǹtẹ̀ sí ìwé ilẹ̀ tí wọ́n rà.

Ẹ jẹ́ n sọ̀tàn kan, mi ò lè mú un mọ́ra. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Morocco, di àlùkálì ní Delhi lábẹ́ súlútáánì Muhammad bin Tughluq. Kò gbọ́ èdè wọn, ọba sì fún un ní igbákejì méjì! Òun ló sọ pé ìjòyè Híńdù kan pe súlútáánì yìí lẹ́jọ́ pé ó pa arákùnrin òun láìnídìí. Súlútáánì fẹsẹ̀ rìn lọ, láìmú ohun ìjà dání. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé kí àlùkálì má dìde fún òun. Ó dúró bí olùjẹ́jọ́, wọ́n dá a lẹ́bi, ó sì tẹ́ ìjòyè náà lọ́rùn. Ibn Battuta yìí kan náà ló sọ pé ó ṣọ̀wọ́n kí òkú ẹni tí ọba pa máà wà lẹ́nu ọ̀nà ààfin. Ọba kan ṣoṣo o!

Ẹ máa bi mí nípa ṣéènì wúrà ọba Jahangir, ọmọ Akbar, tó ní agogo 60, tí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lè fà kí ọba gbọ́. Ó dára. Ìlú Agra ló so ó sí. Ará Bengal tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ wo ni yóò fi rìn dé Agra?

Aurangzeb ní tirẹ̀ kó àwọn ọ̀mọ̀wé jọ, Shaykh Nizam ará Burhanpur ló ṣáájú wọn, wọ́n ṣàkójọ ìwé òfin Ìsìláàmù kan, Fatawa-i-Alamgiri. Òun náà, ÈRÒ ÀWỌN Ọ̀MỌ̀WÉ NI. Àlùkálì ṣì ń lo làákàyè.

Òyìnbó ló ba nǹkan jẹ́. Ní 1772, Warren Hastings, gómìnà àwọn Òyìnbó ní Bengal, ní kí Híńdù máa tẹ̀ lé ìwé Shastra, kí Mùsùlùmí máa tẹ̀ lé Kùránì. Adájọ́ tí kò gbọ́ Sanskrit, tí kò gbọ́ Lárúbáwá, ní kí wọ́n ka ìwé fún òun, ohun tó bá wà níbẹ̀ sì di òfin gírígírí. Àṣà abúlé tí kò sí nínú ìwé ńkọ́? Ó di ohun tí èèyàn ń wá ẹ̀rí sí. Kòtò tẹ́ ẹ kó sí lẹ́ẹ̀kan náà làwọn náà kó sí.

Ní 1860 wọ́n ṣòfin ìwà ọ̀daràn kan fún gbogbo Íńdíà. Sudan yá a lò ní 1899, Àríwá Nàìjíríà gba ti Sudan ní 1960. Ẹ̀yin ará Ìlọrin, Penal Code tí wọ́n ń lò ní kóòtù yín nìyẹn. Ti ará Ìbàdàn, láti Queensland ní Ọsirélíà ló ti wá, mo máa ṣe fídíò tiẹ̀ lọ́tọ̀.