Ta Ló Fọ̀nà Han Ẹyẹ Etí Òkun?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Àkùrẹ́ la ti gbéra kí àkùkọ tó kọ. A gba Okìtìpupa dé Igbókọ̀dá, a wá wọ ọkọ̀ ojú omi. Ayétòrò la gúnlẹ̀ sí yìí, nílẹ̀ Ìlàjẹ. Oṣù Kẹwàá la wà, òjò ti ń palẹ̀ mọ́.

Ẹ má wo òkun. Etí ìgbì ni kẹ́ ẹ wò. Ṣé ẹ rí àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń sáré yẹn, tí ẹ̀yìn wọn dà bí eérú, tí ikùn wọn funfun? Bí omi bá fà sẹ́yìn, wọ́n á sá tẹ̀ lé e, wọ́n á máa fi àgógó ẹnu gún iyanrìn tútù. Bí ìgbì bá tún ń bọ̀, ó di eré! Omi kì í sábà bá wọn. Mo fi bainọ́kúlà wo ẹsẹ̀ wọn dáadáa: ìka mẹ́ta ló wà níwájú, kò sí ọ̀kan lẹ́yìn. Adìẹ ilé wa ní tẹ̀yìn. Ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ sáré, kí ló fẹ́ fi tẹ̀yìn ṣe?

Sanderling lòyìnbó ń pè é. Kì í ṣe ọmọ ibí o. Greenland àti Siberia, lókè téńté ayé, ni wọ́n ń yé sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òtútù ló ń lé wọn wá. Ebi ni. Bí ilẹ̀ ọ̀hún bá dì gbagidi, kòkòrò tán nìyẹn.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù rèé: àwọn òbí ló ń kọ́kọ́ lọ. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta á wá gbéra lẹ́yìn wọn. Àwọn tó ń ṣèwádìí ẹyẹ ti rí i pé oòrùn, ìràwọ̀ àti agbára òòfà ilẹ̀ ayé ni ẹyẹ fi ń mọ̀nà.

Èyí tó dá dúró lọ́hùn-ún, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé, whimbrel ni. Akàn ló ń fà yọ nínú ihò. Wọ́n ti tọpa àwọn ti Iceland: òmíràn fi nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún fò dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò jẹ, kò balẹ̀. Ọ̀rá tó ti jẹ sára ni epo ọkọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ẹyẹ funfun kan kọjá, mo pariwo, "Lékèélékèé!" Awakọ̀ wa bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, lékèélékèé wo ló ń já sómi báyẹn?" Kó tó sọ ọ́ tán, ẹyẹ náà ti gbẹ́ja jáde. Tern ni. Lékèélékèé tiwa, tí àwọn ọmọdé ń na èékánná sí, arìnrìn-àjò lòun náà, àmọ́ òkè ọya ló ń padà sí bí òjò bá dé.

Omi ti ń kún. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ ìlú yìí dó, òkun sì ti gbé púpọ̀ lọ nínú rẹ̀. Opó ilé kan ló dá dúró sínú omi yẹn, tern mẹ́ta bà lé e. Àwọn sanderling ti sún wá sórí iyanrìn tó ṣẹ́kù. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n tẹ̀ wá lẹ́sẹ̀.