Ìjàpá Ọ̀sìn Kò Gbọ́dọ̀ Padà sí Aṣálẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Àwọn tó ń sin ìjàpá máa ń béèrè pé: ẹranko igbó ṣáà ni, ṣé kò sàn kí n tú u sílẹ̀ kó máa lọ? Àánú ló wà nídìí ìbéèrè yẹn. Ìdáhùn mi ni pé rárá. Ẹ jẹ́ ká lọ sí aṣálẹ̀ Mojave ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ní California, Nevada àti àgbègbè wọn.

Inú ihò ni ìjàpá ibẹ̀ ti ń lo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ayé rẹ̀. Omi òjò tó bá mu, àpò ìtọ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí de ọ̀gbẹlẹ̀. Bí èèyàn bá ṣàdédé gbé e nílẹ̀, ẹ̀rù lè mú kó tọ omi ọ̀hún dànù, kí òùngbẹ sì pa á. (Ẹ rántí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn fọ́tò.)

Lọ́dún 1990, ìjọba àpapọ̀ fi í sábẹ́ òfin tó ń dáàbò bo ẹranko tó lè kú run. Ilé àti títì ti gba ilẹ̀ rẹ̀. Pàǹtírí ìlú mú kí ẹyẹ ìwò pọ̀, ìwò sì ń ṣá ọmọ rẹ̀ jẹ. Àmọ́ àìsàn ni mo fẹ́ dúró lé. Kòkòrò àìfojúrí kan, Mycoplasma agassizii, ló ń fà á: imú á máa ṣomi, ìpéǹpéjú á wú. Ibi tọ́rọ̀ ti wá le ni pé ìjàpá lè gbé kòkòrò yìí kiri fún ìgbà pípẹ́ láìfi àmì kankan hàn. Ó ń jẹun nínú ọgbà yín, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ẹ ní ara rẹ̀ le. Ẹ tú u sí aṣálẹ̀, òun àti ọmọ ibẹ̀ forí kanrí, ó ran án. Abo kan lè lo ọdún 13 sí 20 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin, torí náà àgbà tó bá kú kì í ní arọ́pò bọ̀rọ̀.

Kì í sì í jókòó síbi tí wọ́n gbé e sí. Wọ́n bi ìjàpá tiwa pé ìgbà wo ni yóò ti ìrìnàjò dé, ó ní ó di ìgbà tóun bá tẹ́. Ti Mojave ò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé ló máa ń wá, oòrùn àtàwọn ẹranko apẹran sì ń bá a ní gbangba. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ kúrò ní Fort Irwin, ibùdó àwọn ológun, lọ́dún 2008, ajá igbó tí wọ́n ń pè ní coyote pa púpọ̀ nínú wọn. Ìjàpá igbó gan-an nìyẹn o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé ẹ̀fọ́ fún.

Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ń tọ́ ọmọ ìjàpá, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n abo inú igbó ibẹ̀ ló yé e, wọ́n ń pa á mọ́ títí ìkarahun rẹ̀ á fi le ju ẹnu ìwò lọ, wọ́n á yẹ ara rẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó lọ.

Ẹ̀yin ará wa tó wà lọ́hùn-ún, tiyín lè má tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Mojave. Irú ìjàpá kan tí wọ́n ń pè ní Sulcata, ọmọ etí Sahara, wà lọ́jà níbẹ̀: àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbà á nígbà tí wọ́n rà á, bó bá dàgbà ó lè wọ̀n ju kílò 45 lọ. Bó bá sú yín, ẹ kàn sí àjọ ẹranko igbó ìpínlẹ̀ yín, tàbí ẹgbẹ́ tó ń wá ilé tuntun fún ìjàpá. Òfin California àti Nevada ò gbà kẹ́nikẹ́ni tú ìjàpá ọ̀sìn sí aṣálẹ̀. Ní Nevada, láti ọdún 2013, ẹni tó bá fẹ́ gba ìjàpá aṣálẹ̀ sílé, ẹyọ kan ni, torí èyí tí wọ́n ń bí nínú ọgbà ilé ti pọ̀ jù.