Ta Ló Lè Bi Ọ̀gá Léèrè?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akápò àti akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ wá láti Dùgbẹ̀, Gbági àti Agodi Gate, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ìṣàkóso iléeṣẹ́ àti ìwà ọmọlúàbí nídìí òwò. Mi ò ní kó ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bò yín mọ́lẹ̀. Báńkì Ìbàdàn níbí ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọdún 1953 ni Co-operative Bank bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú yìí, àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló dá a sílẹ̀, àgbẹ̀ kòkó sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní 2004 pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà, ó di dandan kí ó bá àwọn mẹ́rin mìíràn da owó pọ̀. Bí wọ́n ṣe di Skye Bank ní 2006 nìyẹn. Ní oṣù Keje 2016, Báńkì Àpapọ̀ ní báńkì náà kò kúnjú òṣùwọ̀n mọ́, ó sì yọ àwọn aṣáájú rẹ̀ nípò. Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, wọ́n gba ìwé àṣẹ rẹ̀, Polaris Bank jókòó sí ipò rẹ̀, bílíọ̀nù 786 náírà sì wọlé láti gbé e dúró. Owó àwọn tó fi owó pamọ́ síbẹ̀ kò sọnù. Àwọn onípìn-ín ni ìyà jẹ. Ìpín tí ẹlòmíràn jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ di bébà lásán.

Kì í ṣe báńkì yẹn nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 2009, Báńkì Àpapọ̀ yọ ọ̀gá àgbà báńkì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn, Cecilia Ibru ti Oceanic Bank, gbà nílé ẹjọ́ ní 2010 pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un, wọ́n sì gba dúkìá tó tó bílíọ̀nù 191 náírà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń jọ mí lójú ni pé gbogbo báńkì wọ̀nyí ló ní ìgbìmọ̀ olùdarí. Wọ́n ní ọ́dítọ̀ tó ń yẹ ìṣirò owó wọn wò. Wọ́n ń ṣe ìpàdé ọlọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti jókòó sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń rí: wọ́n á pín ìwé ìròyìn ọdún tó nípọn, wọ́n á pín oúnjẹ, wọ́n á pín àpò tí ife àti kàlẹ́ńdà wà nínú rẹ̀. Àgbà onípìn-ín kan á gba makirofóònù, á kí alága, á kí ìyàwó alága, á ní kí Ọlọ́run máa fún wọn lókun. Kí a tó dé ojú ìwé tí wọ́n kọ gbèsè sí, àwọn èèyàn ti ń wá mọ́tò wọn.

Ìwé àwọn òyìnbó lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ìròyìn ìgbìmọ̀ Cadbury, ìgbìmọ̀ tó yẹ bí wọ́n ṣe ń darí iléeṣẹ́ wò, tí wọ́n gbé jáde ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní 1992, ń rò ó bóyá ọ̀gá òṣìṣẹ́ ń rẹ́ àwọn onípìn-ín tó fọ́n káàkiri jẹ. Tiwa tún yàtọ̀ díẹ̀. Níbí, ẹnì kan ló sábà máa ń di ìpín tó pọ̀ jù mú, àna rẹ̀ á wà nínú ìgbìmọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wà níbẹ̀, onípìn-ín kékeré tó bá sì pẹjọ́ lè darúgbó kí ìdájọ́ tó dé.

Òfin kọ́ la ò ní. Òfin iléeṣẹ́ 2020 ní alága iléeṣẹ́ ìta gbangba kò gbọdọ̀ tún jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ó ní kí olùdarí olómìnira, ìyẹn ẹni tí kò ní àjọṣe kankan tó lè dí i lọ́wọ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ náà, tó mẹ́ta, kí mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún tó ń yẹ ìṣirò wò sì jẹ́ aṣojú onípìn-ín. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń fi sórí àga náà? Ẹgbẹ́ ọ̀gá nílé ìwé, tí kò ní lè la ẹnu. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì fẹ́ béèrè, wọ́n á ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni ta àbùkù àgbà. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tó béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù mọ̀ ọ́n ṣe ju àwọn ńláńlá wọ̀nyí lọ nígbà mìíràn: akápò á ka ìwé owó sókè létí gbogbo ẹgbẹ́, ènìyàn méjì á sì fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì. Ohun tí ẹ ń fojú fò ni owó yíyá fún ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀. Bí alága bá fẹ́ yá owó, kó jáde kúrò nínú yàrá kí ẹ tó jíròrò rẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági dìde, ó ní òun nìkan lòun ni iléeṣẹ́ òun, ta ni kó wá bi òun léèrè? Mo ní, "Màmá, òfin gbà pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá iléeṣẹ́ sílẹ̀, kò sì fi dandan lé e pé kí iléeṣẹ́ kékeré gba ọ́dítọ̀. Ṣé àkáǹtì ọjà àti ti ilé yàtọ̀ síra?" Ó bú sẹ́rìn-ín, gbogbo gbọ̀ngán sì bá a rín in. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kó ya méjèèjì sọ́tọ̀, kó dá owó oṣù fún ara rẹ̀, kó sì wá ẹnì kan tí yóò máa yẹ ìwé báńkì rẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ó ní àbúrò òun wà.

"Ṣé àbúrò tí ẹ ń bá san owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ kọ́?"

"Òun náà ni."

Mo ní, "Màmá, ẹ wá ẹlòmíràn."